Ṣéèlì: bí ẹ ṣe máa dá òkúta pẹlẹbẹ yìí mọ̀, bí ẹ ṣe máa dán an wò, àti ohun tó ṣeé lò fún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilẹ̀ sí apá Ewékorò, Pápáláńtò, Ìtòrí, títí dé ọ̀nà Ìlaròó àti Ṣàgámù, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí fún jù. Ẹ gbẹ́ ṣọkawéè tàbí kànga, ẹ wá kan òkúta kan tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tó tò ní ìpele-ìpele, ni àwọn tó ń bá yín gbẹ́lẹ̀ bá ní "ọ̀gá, a ti kan àpáta o, ilẹ̀ yìí le, ilé yín ò lè yẹ̀ láéláé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ ṣéèlì lẹ kàn, ṣéèlì kì í sì í ṣe àpáta tí èèyàn ń fọkàn tán bẹ́ẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá a lórí Google, shale ni kẹ́ ẹ kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ni pé omi lẹ fi ń dán ṣéèlì wò, ẹ má fi hámà dán an wò. Tẹ́ ẹ bá fi hámà lù ú lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ jáde, ó lè le débi tí apá á fi ro yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ wá da omi sí i, ẹ máa rí i pé nǹkan míì ni.

Kí ni ṣéèlì gan-an

Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ tó rọra ń jókòó sí ìsàlẹ̀ omi tó dákẹ́, bóyá ọ̀sà, bóyá adágún, bóyá ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ìgbì ò ti lágbára, tí ẹrẹ̀ míì tún ń gorí ẹ̀, tí òmíràn tún ń gorí ìyẹn, títí ìwúwo èyí tó wà lókè fi fún omi inú èyí tó wà nísàlẹ̀ jáde, tó wá di òkúta. Hóró inú ẹ̀ kéré gan-an, hóró amọ̀ ò tó 0.004 mm, wọ́n sì rí pẹlẹbẹ, torí náà nígbà tí ìwúwo bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gbogbo wọn ló máa ń sùn sí ọ̀nà kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣí bí ewé ìwé tẹ́ ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Láàárín gbogbo òkúta tí omi tò jọ, kò sí èyí tó pọ̀ tó àwọn òkúta ẹlẹ́rẹ̀ yìí láyé, wọ́n tó ìdajì gbogbo wọn, kódà wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ewékorò, òkun ló bo gbogbo ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Karawun ìgbín òkun, ìṣáwùrú, egungun àwọn nǹkan abẹ̀mí kéékèèké ló kóra jọ tó di láìmsítónì tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ni omi tún jinlẹ̀ sí i, ẹrẹ̀ wá bo orí láìmsítónì yẹn. Ẹrẹ̀ yẹn ló di ṣéèlì tí àwọn jiọ́lọ́jíìsì, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, ń pè ní Akinbo Formation. Tẹ́ ẹ bá dé etí kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa láìmsítónì, ẹ wo ògiri kòtò náà dáadáa, ṣéèlì lẹ máa rí lókè, láìmsítónì nísàlẹ̀, katapílà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká ti òkè kúrò kó tó débi èyí tí wọ́n ń wá. Torí náà ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ lágbègbè yẹn tó kan ṣéèlì, kò yani lẹ́nu rárá.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ mú èyí tó tuntun

Ẹ má ṣa èyí tó wà lójú ilẹ̀ lásán, òjò àti oòrùn ti sọ ìyẹn di amọ̀ tán. Ẹ mú nínú kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, èyí tó tóbi tó ìkúùkù, bíi mẹ́fà-méje, kí ẹ sì kọ bí ibi tẹ́ ẹ ti mú un ṣe jìn tó sára nylon tẹ́ ẹ kó o sí. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀. Tó bá dúdú, ohun tó ti kú, ewé àti ẹ̀dá inú omi, ló wà nínú ẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jẹrà tán. Tó bá pupa, irin inú ẹ̀ ló ti dógùn-ún. Tó bá ní àwọ̀ eérú tàbí tó fẹ́ dà bíi àwọ̀ ewé, irin wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò tíì dógùn-ún. Àwọ̀ nìkan ò tó láti fi dájọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tó dúdú sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: ìṣó àti ìgò

Ẹ mú ìṣó, ẹ fi ha òkúta náà. Ìṣó máa ha ṣéèlì, ìlà tó jìn máa hàn, ìyẹ̀fun máa bọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ gráníìtì tàbí gneiss, ìṣó ò ní ràn án, irin ara ìṣó ló máa kù sára òkúta. Mo ń sọ èyí torí pé gneiss náà ní ìlà-ìlà, dúdú àti funfun, ó pọ̀ ní Ìbàdàn àti káàkiri apá òkè ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rí ìlà lára òkúta kí wọ́n kàn máa pè é ní nǹkan kan náà. Kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Gneiss ò ní ṣí níbi ìlà ẹ̀, ó sì máa ha ara ìgò. Ṣéèlì kì í sábà ha ìgò.

Èyí tó tún lè ṣì yín lọ́nà ni schist, èyí tó wà lápá Iléṣà níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Òun náà ń ṣí ní ìpele, ṣùgbọ́n ó máa ń dán yinrin-yinrin tí oòrùn bá ta sí i, torí mica, hóró pẹlẹbẹ tó ń dán, tó wà nínú ẹ̀. Ṣéèlì kì í dán bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ máa ń kú ni. Sílétì tí àwọn òyìnbó fi ń bo òrùlé ńkọ́? Ṣéèlì ni ìyẹn tẹ́lẹ̀, ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ ló yí i padà, tẹ́ ẹ bá gbá a ó máa dún gán-án, tẹ́ ẹ bá gbá ṣéèlì ó máa dún pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ọsàn wẹ́wẹ́

Ẹ lọ díẹ̀ nínú òkúta náà kúnná, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ da fínígà lé e lórí. Láìmsítónì máa hó, ẹ máa rí i tí ìfófòó á máa yọ lójú ẹsẹ̀. Ṣéèlì lásán ò ní hó. Àmọ́ o, ní Ewékorò àwọn kan wà láàárín méjèèjì, ẹrẹ̀ tó ní karawun nínú, irú ìyẹn á hó díẹ̀, tó bá wá hó tán ẹrẹ̀ ló máa kù sílẹ̀. Ẹ kà á sí ṣéèlì kẹ́ ẹ máa bá ìdánwò yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: èémí àti eyín

Ẹ há èémí sára ẹ̀, ẹ tètè gbóòórùn ẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí ló máa ń jáde lára òkúta tó bá ní amọ̀. Àwọn jiọ́lọ́jíìsì tún máa ń fi eyín iwájú rún ún wò, èyí tó mọ́ tónítóní ni o, èyí tó kéré bíi hóró ìrẹsì, wọ́n á sì tu ú dànù. Tó bá yọ̀ láàárín eyín, amọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, yanrìn kíkúnná ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe èyí kó fò ó, kò sí ọ̀ràn.

Ìgbésẹ̀ 5: omi

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ́kọ́ sá òkúta yín sí oòrùn fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fo èyí o, torí ṣéèlì tó ṣì tutù tẹ́ ẹ bá sọ sínú omi, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kó má ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin á wá rò pé ó dára. Gbígbẹ kó tó tún tutù ló máa ń pa á.

Tó bá ti gbẹ, ẹ bu omi sínú abọ́ funfun, kí ẹ lè rí nǹkan dáadáa, ẹ rọra gbé òkúta kan sínú ẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni omi tó ń ta pọ́pọ́pọ́ láti ara àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò ẹ̀ ni omi ń lé jáde. Lẹ́yìn náà igun ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́, pẹlẹbẹ tín-ín-rín á já bọ́, òmíràn á tẹ̀ lé e, ìlà àárín á wá yanu, omi á wọlé, ìdajì òkúta á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣéèlì tó ní amọ̀ wíwú nínú lè ti di òkìtì ẹrẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun tán. Òmíràn á gbé wákàtí díẹ̀. Òmíràn, èyí tó ti le gan-an, á kàn pín sí méjì-mẹ́ta kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ kó o jáde, ẹ tún sá a, ẹ tún rì í. Èyí tó bá la ìgbà mẹ́ta kọjá láìfọ́ ni ẹ lè máa pè ní òkúta. Ní láàbù, wọ́n ní ẹ̀rọ fún un, hóró mẹ́wàá tí ìkọ̀ọ̀kan wọn tó 40 sí 60 gíráàmù ni wọ́n ń kó sínú asẹ́ tó ń yí nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á wá wọn èyí tó ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n abọ́ yín nílé ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà fún yín láìgba kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: omi ní ìgò kan, kẹrosíìnì ní èkejì

Ìgbésẹ̀ karùn-ún sọ bóyá ó máa fọ́. Èyí á sọ bóyá ó máa wú, wíwú ló sì ń la ògiri ilé. Ẹ gún ṣéèlì gbígbẹ yẹn nínú nǹkan tẹ́ ẹ ò ní fi gún oúnjẹ mọ́, ẹ jọ̀ ọ́ ní asẹ́ tó kúnná jù tẹ́ ẹ ní. Ẹ wá ìgò méjì tó rí bákan náà, tẹ́ ẹ lè rí inú ẹ̀ láti ìta, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ wọn ìyẹ̀fun tó dọ́gba sínú méjèèjì, ẹ da omi sí ọ̀kan, ẹ da kẹrosíìnì sí èkejì, ẹ fi igi tín-ín-rín rò ó kí afẹ́fẹ́ jáde, kẹ́ ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24, ẹ jìnnà síná. Kẹrosíìnì ò lè mú amọ̀ wú, torí náà ìgò yẹn lẹ máa fi ṣe òdiwọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi rúlà wọn bí ìyẹ̀fun ṣe ga tó nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ká ní ti kẹrosíìnì jẹ́ 4 cm, ti omi jẹ́ 5 cm, ó fi 1 cm lé, ìyẹn lórí 4 jẹ́ 25%. Nínú òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ní India, níbi tí wíwú ilẹ̀ ti ń dà wọ́n láàmú gidi, tí kò bá tó 20% wàhálà ẹ̀ kéré, láti 20 sí 35 ó wà láàárín, láti 35 sí 50 ó ga, tó bá ju 50 lọ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ láìpe ẹnjiníà. Tiyín nílé ò ní pé bíi ti láàbù, àmọ́ ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ lè sùn.

Ìgbésẹ̀ 7: ẹ wá nǹkan tó ń dán bíi góòlù

Èyí kan ṣéèlì dúdú pàápàá. Ẹ ṣí i ní ìpele, ẹ wo ojú ẹ̀ nínú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá rí hóró kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán, tí òmíràn rí bíi ṣúgà oníhóró mẹ́rin-igun, kì í ṣe góòlù, pyrite ni, irin àti súlfọ̀ ló para pọ̀ di í. Tí afẹ́fẹ́ àti omi bá kàn án, ó máa ń di ásíìdì, ásíìdì yẹn á jẹ kọnkéré, á sì tún ṣe iyọ̀ kan tó máa ń wú nínú ilẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyí. Ní Ireland, lágbègbè Dublin, wọ́n kó òkúta ẹlẹ́rẹ̀ tó ní pyrite sábẹ́ ilẹ̀ ilé bíi háádikọ́ọ̀, nígbà tó di bí ọdún 2007 ilẹ̀ ilé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú sókè, ògiri ń là, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, ìjọba ibẹ̀ ní láti ṣe òfin pàtàkì lórí ẹ̀ ní 2013. Ilé tí èèyàn ti ń san owó ẹ̀ fún báńkì, tí wọ́n tún wá ní láti hú gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo kà nípa ẹ̀, torí ohun tí ì bá gbà wọ́n ò ju kí ẹnì kan ti yẹ òkúta yẹn wò kí típà tó já a sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé orí ẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́lé sí

Ẹ má sá, àwọn èèyàn ń kọ́lé sórí ṣéèlì, ilé ń dúró. Ohun tó ń ba ilé jẹ́ ni pé ilẹ̀ ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó ń sún kì, òjò dé ó wú padà, ilé ò lè máa bá a jó irú ijó yẹn lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá rí ilé àwọn aládùúgbò tí ògiri wọn ń là gba igun wíńdò lẹ́ẹ̀rùn, tí ojú ibẹ̀ ń fẹ́ẹ́ padà pa dé lójò, ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ ní kí ẹnjiníà pinnu bóyá fáńdéṣọ̀n yín máa jìn kọjá ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ń dé, tàbí kó jẹ́ ráàfù tó máa gbé gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tiyín ni àwọn nǹkan tí bírikìlà máa ń fojú kéré. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣí kòtò fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ ń wá owó símẹ́ńtì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ tí ẹnjiníà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, torí ṣéèlì tó bá gbẹ tó tún tutù ti di ẹrẹ̀, àní kẹ́ ẹ tó kó búlọ́ọ̀kù dé. Tí owó ò bá tíì pé, ẹ má gbẹ́ ẹ ná.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí omi jìnnà sí ilé. Gọ́tà yí ilé ká, kọnkéré fífẹ̀ lẹ́bàá ògiri, omi òrùlé gbọdọ̀ ní ibi tó ń lọ, ṣọkawéè ò gbọdọ̀ sún mọ́ fáńdéṣọ̀n. Páìpù tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilé burú ju òjò lọ, torí ibì kan ṣoṣo ló ń mú wú. Igi ńlá náà, ẹ gbìn ín sí ọ̀ọ́kán, gbòǹgbò ẹ̀ á máa fa omi inú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

Ìkẹta, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ṣéèlì abẹ́ ilẹ̀ ilé kúrò kẹ́ ẹ sì fi nǹkan míì dí i, ilẹ̀ pupa, láátẹ́ráìtì, tí wọ́n fi rólà tẹ̀ ní ìpele-ìpele ló dáa. Ọ̀pọ̀ máa ń kó yanrìn síbẹ̀ torí ó rọrùn, àmọ́ yanrìn á gba omi òjò dúró sórí ṣéèlì, omi yẹn á sì máa wọ inú ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ṣéèlì tó wá láti inú kòtò yín pé òun fẹ́ fi rọ́pò gráníìtì nínú kọnkéré dẹ́kìn. Kò sówó tẹ́ ẹ lè dá sí níbẹ̀ tó tó ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù.

Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù

Ìwà kan ṣéèlì ní tó máa ń tan àwọn èèyàn: omi wà nínú ẹ̀, ó pọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó jáde. Àwọn ihò inú ẹ̀ kéré jù, wọn ò sì já sínú ara wọn dáadáa. Ẹ lè gbẹ́ kànga dé inú ṣéèlì kó tutù rinrin kó má lè kún korobá kan láàárọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù pé kí ló ń jáde lẹ́nu páìpù. Tó bá ń pọ ẹrẹ̀ dúdú tàbí eérú tó ń yọ̀, ẹ ṣì wà nínú ṣéèlì, ẹ máa lọ títí ẹ fi máa kan yanrìn tàbí láìmsítónì tó ní omi. Páìpù tó ní ihò, ibi yanrìn tàbí láìmsítónì ni kó wà, kì í ṣe ibi ṣéèlì, kí wọ́n sì fi páìpù tí kò níhò dí ojú ṣéèlì pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ á máa ya sínú ihò, omi á máa dúdú, á máa ní òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga lọ́wọ́, ẹ fi rííǹgì kọnkéré sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ̀gbẹ́ kànga ṣéèlì lè dúró láàárọ̀ kó ya lulẹ̀ lọ́sàn-án.

Ohun tó wúlò fún

Mo ti bà á lórúkọ jẹ́ tó, ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tó ti dáa.

Símẹ́ńtì ló ṣáájú. Láìmsítónì nìkan ò lè di símẹ́ńtì, ó nílò sílíkà, àlúmínà àti irin, inú ṣéèlì tàbí amọ̀ ni wọ́n sì ti ń rí wọn. Wọ́n á lọ méjèèjì pọ̀, wọ́n á sun ún ní nǹkan bí 1450°C, wọ́n á tún lọ ohun tó jáde pẹ̀lú jípúsọ̀mù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bí ṣéèlì àti láìmsítónì ṣe wà lójú kan ní Ewékorò fi jẹ́ oríire fún wa, ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ibẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960, ti Ṣàgámù tẹ̀ lé e ní 1978.

Adágún ẹja náà ńkọ́? Pé kì í jẹ́ kí omi kọjá yẹn gan-an la fẹ́ níbí. Ẹ gún ṣéèlì kúnná, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ adágún ní ìpele tó tó 15 cm, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tún tẹ́ òmíràn lé e títí á fi tó 30 cm ó kéré tán. Ẹ tètè da omi sí i, torí tó bá gbẹ ó máa là. Èyí tó bá ní pyrite, ẹ má lò ó, omi á kan, ẹja á kú.

Bíríkì náà wà níbẹ̀. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ṣa gbogbo láìmsítónì inú ẹ̀ jáde, àní èyí tó kéré bí erèé, torí iná máa sọ ọ́ di ẹfun gbígbóná, tó bá wá mu omi inú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn náà ó máa wú, á sì bẹ́ ojú bíríkì dànù. Ẹ fi yanrìn sí i. Ká tó mọ iye yanrìn, ẹ mọ ọ̀kan wò, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tó jẹ́ 10 cm sójú ẹ̀, tó bá gbẹ tán ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ti di 9 cm, ó ń sún kì jù, ẹ fi yanrìn kún un kẹ́ ẹ mọ òmíràn. Abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó gbẹ, oòrùn gangan á mú un là. Ẹ rọra dáná níbẹ̀rẹ̀ kí omi inú ẹ̀ lè jáde, kẹ́ ẹ wá sọ iná di ńlá títí á fi tó 900°C sí 1000°C.

Ẹni tó bá ń kánjú dáná sí ṣéèlì dúdú, bíríkì ẹ̀ á wú bí bọ́ọ̀lù, nítorí afẹ́fẹ́ á há sínú. Stephen Hayde, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe bíríkì, rí irú bíríkì wíwú bẹ́ẹ̀, dípò kó dà á nù ó rí i pé ó fúyẹ́ ó sì le, ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1918, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ wú ṣéèlì nínú ìléru láti fi rọ́pò gráníìtì nínú kọnkéré tó fúyẹ́. Wọ́n fi irú kọnkéré yẹn kan ọkọ̀ ojú omi, SS Selma, ní 1919, òkú ọkọ̀ náà ṣì wà nínú omi ní Galveston ní Texas títí dòní. Ṣéèlì tí wọ́n bá ti sun bẹ́ẹ̀ ni nìkan ló lè wọ inú kọnkéré.

Epo rọ̀bì àti gáàsì ni ti ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kò sí ìgbésẹ̀ tí mo lè kọ́ yín níbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé inú ṣéèlì dúdú ni ọ̀pọ̀ epo ayé ti kọ́kọ́ jinná kó tó rìn lọ sínú yanrìn. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi alágbára fọ́ ṣéèlì tiwọn lábẹ́ ilẹ̀, epo wọn pọ̀ débi pé ní oṣù Keje 2014 wọn ò ra epo rọ̀bì kankan lọ́wọ́ Nàìjíríà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1973 ó kéré tán.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sí láàbù

Ẹ mú un láti ibi tí fáńdéṣọ̀n máa jókòó sí gan-an, kì í ṣe ti òkè. Ẹ fi nylon wé e le ní ìlọ́po méjì kí omi inú ẹ̀ má gbẹ kó tó débẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti mú un àti bó ṣe jìn tó sí i lára, kí ẹ sì mú un láti igun méjì pílọ́ọ̀tì yín, ó kéré tán, torí ṣéèlì lè nípọn níbí kó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá bi yín pé irú tẹ́ẹ̀sì wo lẹ fẹ́, ẹ ní Atterberg limits (iye omi tó ń mú un rọ̀ tàbí tó ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀), free swell (bó ṣe ń wú), slake durability (bó ṣe ń fọ́ nínú omi) àti sulphate (iyọ̀ tí pyrite ń ṣe). Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní èsì tó kan ń sọ pé "ilẹ̀ náà le" láìsí fígọ̀ kankan nínú ẹ̀, ẹ má tíì san owó tó kù.